Ẹ Jẹ́ Kí Fáìlì Tẹ̀lé Ẹni Tó Ni Ín: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Tó Ń Bójútó Owó Ìfẹ̀yìntì

Sí Ọ̀gá Àgbà PTAD, àjọ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àtijọ́, ní Àbújá, àti sí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo.

 Mo kọ ìwé yìí sí yín láti Ìwó nítorí àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tó ti kó kúrò níbi tí ìwé ìjọba sọ pé wọ́n wà. Wọ́n pọ̀, ohun tó gbé wọn kúrò sì yàtọ̀ síra. Ẹni kan fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kàdúná, ó ti padà sílé baba rẹ̀. Ẹlòmíì fẹ̀yìn tì ní Ìwó níbí, àwọn ọmọ wá mú un lọ sí Èkó tàbí Àbújá nígbà tí ara ò le mọ́. Ìyá àgbà mìíràn ti wà ní Houston tàbí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ. Gbogbo wọn ló yẹ kó sọ fún ọ́fíìsì tó ń san owó wọn pé àwọn ti kúrò níbi tí àwọn wà tẹ́lẹ̀. N ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn: owó ìlú ni, ìjọba sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹni tó ń san án fún ń gbé. Ohun tí mo ń bá yín sọ ni bí a ṣe ń ṣe é. Mo ní ibi tí ènìyàn kó dé ló yẹ kó ti lè ṣe é, ní ọ́fíìsì ìjọba tó súnmọ́ ọn jù, kí ọ́fíìsì yẹn sì bá a wá fáìlì rẹ̀ dé ibikíbi tó bá wà. Títí wọn yóò fi rí i, kí owó rẹ̀ má dúró.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ti sọ̀rọ̀ lórí ìhà méjèèjì tí ọ̀rọ̀ yìí ní. Abala 41 ní ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn fàlàlà jákèjádò orílẹ̀-èdè yìí, kó sì máa gbé ibi tó bá wù ú. Abala 173 ní owó tó tọ́ sí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá a dúró tàbí kó yí i padà lọ́nà tí yóò pa á lára, àfi bí òfin kan bá gbà bẹ́ẹ̀. Abala 210 sọ ohun kan náà fún òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀. Nígbà tí orúkọ bàbá kan bá wá kúrò nínú ìwé ìsanwó nítorí pé ó ti kó láti Jọ́ọ̀sì wá sí Ìwó, tí ìwé ìpè sí àyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì sì lọ bá a ní Jọ́ọ̀sì, òfin wo ló rú? Ó lo ẹ̀tọ́ tí abala 41 fún un, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù èyí tí abala 173 fún un. Mo mọ̀ pé kò sí ọ̀gá kankan tó jókòó tó ní bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Ètò tí a kọ́ sórí èrò pé arúgbó kì í kúrò lójú kan ló ń bí i, èrò yẹn kò sì bá ìgbésí ayé àwọn ènìyàn wa mu rárá.

Ìjọba mọ bí wọ́n ṣe ń gbé fáìlì tí wọ́n bá fẹ́ gbé e. Ìwó fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ ká mú olùkọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú yìí ní ọdún 1965. Abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló wà nígbà náà. Ní 1967, ẹkùn náà di Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ní oṣù kejì ọdún 1976, wọ́n pín ìpínlẹ̀ yẹn, Ìwó sì bọ́ sínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, ìwé tó wà ní Ìbàdàn tẹ́lẹ̀ sì di ti Òṣogbo. Bí olùkọ́ yìí bá fi ọdún márùndínlógójì ṣiṣẹ́, ọdún 2000 ló fẹ̀yìn tì, ó ti sin ìjọba mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìkúrò nínú ìlú kan ṣoṣo. Òun kọ́ ló ru fáìlì rẹ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo. Ìjọba ló kó òṣìṣẹ́, ìjọba ló kó ìwé, wọ́n sì ka ọdún tó lò lábẹ́ ìjọba kan mọ́ èyí tó lò lábẹ́ èkejì. Nígbà tí ààlà bá ń rìn, ìjọba ń ru ẹrù ìwé. Nígbà tí ènìyàn bá wá rìn, wọ́n gbé ẹrù náà ka òun nìkan lórí, nígbà tí orí náà ti hu ewú tán.

Ó sì yẹ ká rántí irú ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2013 ni ìjọba àpapọ̀ dá PTAD sílẹ̀ láti máa san owó àwọn tó wà lórí ètò àtijọ́, ètò tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń san gbogbo owó náà láìyọ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́. Òfin Àtúntò Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2004 ló gbé ètò tuntun wọlé, èyí tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ ń dá owó sí. Nínú àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, ìwọ̀nba àwọn tó kù ọdún mẹ́ta tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì ni wọ́n fi sílẹ̀ sórí ti àtijọ́. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn tí PTAD ń sanwó fún ti fẹ̀yìn tì kí oṣù kẹfà ọdún 2007 tó parí. Ẹni tó jẹ́ ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà yẹn ti ń súnmọ́ ọgọ́rin báyìí, bí kò bá tíì kọjá rẹ̀. Ọ̀dọ́ kankan ò sí láàárín wọn, kò sì sí ọ̀dọ́ tí yóò tún wọlé. Lọ́dọọdún ni ẹsẹ̀ wọn ń rọ̀ sí i, lọ́dọọdún sì ni ọmọ tó ń gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ń pọ̀ sí i. Ètò tó bá ń béèrè pé kí wọ́n wà ní ojú kan, tàbí kí wọ́n rìn lọ síbi tí wọ́n ti kúrò, ń le sí wọn bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́.

Ọ̀nà rélùwéè tó ti Ìbàdàn gba Ìwó kọjá lọ sí Òṣogbo ti kó ọmọ ìlú yìí lọ sí Ọ̀fà, Ìlọrin, Jẹ́bà, Mínà, Kàdúná, Sáríà, títí dé Kánò. Àwọn mìíràn bá iléeṣẹ́ rélùwéè ṣiṣẹ́, àwọn mìíràn bá iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àti ti tẹlifóònù ṣe, àwọn mìíràn jẹ́ ọlọ́pàá, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé, wọ́n sì ń padà bọ̀. Àwọn kan palẹ̀ mọ́ dáadáa kí wọ́n tó kúrò. Àwọn kan ò ráyè palẹ̀ ohunkóhun mọ́. Nígbà rògbòdìyàn Kàdúná ní oṣù kejì ọdún 2000, nígbà ti Jọ́ọ̀sì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, àti lẹ́yìn ìbò ààrẹ ní oṣù kẹrin ọdún 2011, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá sá kúrò ní ilé tí wọ́n ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn gbé. Ẹni tó ń sá àsálà kì í dúró wá lẹ́tà ìgbaniwọṣẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ wá ní kó mú ojúlówó ìwé wá kí ẹ tó gbà pé ó ti kó. Ọ́fíìsì ni ẹ̀dà ìwé náà wà. Àwa tí a wà nílé mọ̀ pé ojúlówó rẹ̀ jóná ní Jọ́ọ̀sì, fáìlì yín ni kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo fọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìyà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ìjọba, àyè kan wà fún nọ́ńbà ilé, òmíràn wà fún orúkọ títì. Nínú Ìwó àtijọ́, ọ̀pọ̀ ilé ò ní nọ́ńbà, ojú ọ̀nà tó gba iwájú wọn kọjá kò sì ní orúkọ tí ìjọba kọ sílẹ̀. Orúkọ agboolé ni àdírẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá dé ọjà Odò-Orí tó béèrè agboolé kan, ọmọdé á mú un dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù á ní òun ò mọ ibẹ̀. Wọ́n á wá ní kí bàbá mú bíìlì iná mànàmáná wá láti fi hàn pé ibẹ̀ ló ń gbé. Orúkọ tó wà lórí bíìlì ni ti ẹni tó kọ́ ilé, tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ìgbà tí ẹnì kan ò rántí mọ́. Bó bá sì jẹ́ mítà oníkáàdì ni wọ́n ń lò, bíìlì kankan kì í wá. Ó di kí wọ́n lọ kóòtù lọ búra, kí wọ́n gba ìwé ìbúra, kí wọ́n ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ mọ́ ti gbogbo ìwé yòókù. Ìwé yòókù wọ̀nyẹn, inú ọ̀rá ni wọ́n wà: lẹ́tà ìgbaniwọṣẹ́ tí wọ́n fi táípù tẹ̀, tí yíǹkì rẹ̀ ti ṣá, tó sì ti ya ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po, lẹ́tà ìgbéga, lẹ́tà ìfẹ̀yìntì, fọ́tò pélébé mẹ́rin. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú wọn jáde fún fọ́tòkọ́pì ni wọ́n ń ya sí i.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le, ó ti wà nínú òfin wa fún ohun mìíràn. Òfin Ìdìbò ọdún 2022, ní abala 13, sọ pé ẹni tó bá ti kó kúrò níbi tó ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lè kọ̀wé pé kí wọ́n gbé orúkọ òun wá síbi tí òun wà báyìí. Ta ló yẹ kó kọ ọ́ sí? Ọ̀gá àjọ elétò ìdìbò ní ìpínlẹ̀ tó ń gbé nísinsìnyí ni. Òfin náà kò ní kó padà sí Kánò lọ tọrọ àyè kó tó lè dìbò ní Ìwó. Ó gbà pé ẹni tó bá dé ibì kan, ibẹ̀ ni kí a ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kí àwọn ọ́fíìsì sì yanjú ìyókù láàárín ara wọn. Bí a bá lè ṣe èyí fún ìwé ìdìbò tí a ń lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó yẹ ká lè ṣe é fún owó tí ènìyàn fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù.

Òkè òkun náà ní ohun tí a lè rí kọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn àjèjì tó ń gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba láàárín ọjọ́ mẹ́wàá bí wọ́n bá kó ilé. Òfin tó le ni, ìyà sì wà fún ẹni tó bá kọ etí ikún sí i. Síbẹ̀, inú ilé tuntun tó kó dé ni yóò jókòó sí tí yóò fi ránṣẹ́, lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí nínú lẹ́tà. Ẹnikẹ́ni ò ní kó wá sí Washington. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn máa ń fi ìwé ẹ̀rí ìwàláàyè ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì wọn ní ilẹ̀ òkèèrè. Nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tó ti padà wá sí Ìwó á fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí kan tó ní ipò láwùjọ, á sì dá a padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń fún un. N ò sọ pé gbogbo ìṣe wọn ló dára. Ẹni tó bá gba owó ìfẹ̀yìntì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà, owó náà kì í lọ sókè mọ́ lọ́dọọdún bíi ti àwọn tó dúró sọ́hùn-ún, ìyẹn sì jẹ́ ìrẹ́jẹ tí àwọn ẹgbẹ́ àgbàlagbà ti ń bá wọn jà lé lórí tipẹ́. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ibi tí ènìyàn ń gbé, wọ́n gbà kí ẹlẹ́rìí tó wà ládùúgbò jẹ́rìí, wọ́n sì fún un ní àkókò tó tó. Ohun méjì yìí ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ yín.

Mo mọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn: jìbìtì. Ẹ ó ní bí a bá jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè yí àdírẹ́ẹ̀sì padà níbikíbi, àwọn tó ń gba owó òkú yóò pọ̀ sí i. Ẹ̀rù yẹn ní ìdí, nítorí owó ìfẹ̀yìntì ti sọnù ní ilẹ̀ yìí rí. Àmọ́ ọ̀nà wo ló gbà sọnù? Ní oṣù kìíní ọdún 2013, John Yakubu Yusuf, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ àgbà tó wà nídìí owó ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá, gbà ní ilé ẹjọ́ gíga Àbújá pé òun lọ́wọ́ nínú jíjí owó náà. Ilé ẹjọ́ ní kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí kó san ₦750,000. Ó san án, gbogbo ìlú sì pariwo, títí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fi yí ìdájọ́ náà padà ní 2018 sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà pẹ̀lú bílíọ̀nù ₦22.9 láti san. Ní 2021, ilé ẹjọ́ rán Abdulrasheed Maina, tí ìjọba fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí yóò tún ètò owó ìfẹ̀yìntì ṣe, lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ. Nínú ẹjọ́ méjèèjì, inú ọ́fíìsì ni owó ti bọ́, lọ́wọ́ àwọn tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. A ti wá ń gé ìka àgbàlagbà tó kó láti Mínà wá sí Ìwó nítorí ohun tí ẹni tó wọ kóòtù tó so táì ṣe ní Àbújá.

Bí ẹ bá sì ní ti àwọn tó ń gbowó òkú ńkọ́, ó wà lóòótọ́, mi ò sẹ́. Ọmọ kan lè máa mú káàdì báńkì bàbá tó ti kú lọ síbi ẹ̀rọ ìgbowó. Oògùn rẹ̀ ni kí ìjọba mọ̀ nígbà tí ènìyàn bá kú, a ò sì tíì fi ọwọ́ gidi mú ìyẹn. Òfin ọdún 1992 sọ ọ́ di dandan pé kí a máa forúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn. Ìbí ń wọlé díẹ̀ nítorí iléèwé ń béèrè ìwé rẹ̀. Ikú kò fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Ní Ìwó níbí, níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀ jù, ẹni tó bá kú láàárọ̀, ó lè ti wà nínú sàréè kí wọ́n tó kírun ọ̀sán tán. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín sẹ́yìn ilé tàbí sí itẹ́ òkú, kò sì sí ìwé kankan tó gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ìmáàmù mọ̀. Baálé mọ̀. Àwọn olórí Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ní ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀, nítorí wọ́n á gbé owó ìsìnkú lọ. Bí PTAD àti Àjọ Ìkànìyàn bá fún ìmáàmù, pásítọ̀ àti ẹgbẹ́ yẹn ní ìwé pélébé kan tí wọ́n ó máa kọ irú ikú bẹ́ẹ̀ sí, tí a ń gbà lóṣooṣù, iye òkú tó ń gbowó yóò dín kù ju bí àyẹ̀wò ìgbàdégbà ṣe lè dín in kù lọ. Títí di ìsinsìnyí, nítorí a ò ka òkú, àwọn alààyè la ń pè jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n wá fi ara wọn hàn.

Èsì kejì tí mo ń retí ni pé íntánẹ́ẹ̀tì ti yanjú gbogbo rẹ̀. Mo yin PTAD fún ètò I Am Alive, tó jẹ́ kí ènìyàn lè fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà jẹ́rìí láti inú ilé pé òun wà láàyè. Ó gba ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lọ́wọ́ ìlà tó gùn lábẹ́ oòrùn, ẹni tó sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè ṣe é láìwọ ọkọ̀ òfuurufú. Kí ẹ má ṣe pa á tì. Ṣùgbọ́n kéèyàn jẹ́rìí pé òun wà láàyè, ọ̀tọ̀ ni. Kéèyàn sọ pé òun ti kó, pé nọ́ńbà fóònù òun ti yí padà, pé ẹni tí òun fi ṣe ajogún ti kú, ọ̀tọ̀ ni. Ètò kìíní kò lè rọ́pò ètò kejì. Lẹ́yìn náà, ojú tí ẹ̀rọ ń yà ní ọgọ́rin ọdún kì í bá ti fọ́tò ọjọ́ pípẹ́ mu nígbà gbogbo, ojú tó ní gíláókómà kì í rí ohun tí fóònù ní kó ṣe. Ní agbègbè tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá tó ń lọ, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbà lọ. Bàbá á sọ BVN rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, á sọ NIN rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti orílẹ̀-èdè, á sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sókè ketekete fún ọmọkùnrin tó ń bá a tẹ̀ ẹ́, níwájú àwọn tó ń dúró de tiwọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù jìbìtì, ẹ wo ibi tí a ń tì wọ́n sí. Tábìlì kan ní ọ́fíìsì ìjọba, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lákọsílẹ̀, láàbò ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Nọ́ńbà NIN àti BVN yìí kan náà ló jẹ́ kí ohun tí mò ń béèrè ṣeé ṣe lónìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nọ́ńbà mọ́kànlá mọ́kànlá ni méjèèjì, kò sì sí èyí tó jẹ́ ti Kánò tàbí ti Ọ̀ṣun nínú wọn. Níbikíbi tí ènìyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹni kan náà ló ń gbé jáde. Nígbà tí fáìlì jẹ́ bébà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní ìdí tí wọ́n fi ń ní kí ènìyàn padà síbi tó wà. Ìdí yẹn ti lọ.

Ẹ ó ní owó ńkọ́, òṣìṣẹ́ ńkọ́. Kò tó ohun tí ẹ ń rò. Ẹnì kan, kọ̀ǹpútà kan, òǹtẹ̀ kan, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lè fi tábìlì náà sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìwó, kí àwọn ará Ayédìre àti Ọlá-Olúwa náà máa wá síbẹ̀ títí tiwọn yóò fi dé Ilé-Ògbó àti Bódé-Ọ̀ṣì. Ẹnikẹ́ni tó bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2025, nígbà tí ìjà lórí ẹni tó ni ipò alága sọ ọ̀pọ̀ sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí di ahoro, á béèrè bóyá ibẹ̀ ṣeé gbára lé. Ìbéèrè gidi ni. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kí PTAD má fi ti òṣèlú Ọ̀ṣun ṣe: ilé ìfìwéránṣẹ́ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, àjọ tó ń fúnni ní NIN náà jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Tábìlì kan ní ọ̀kan nínú wọn tó. Fún àwọn tó wà lókè òkun, kọ́ńsúléètì ni, pẹ̀lú lẹ́tà. Ẹni tó wà ní Houston, Àtìláńtà ni kọ́ńsúléètì tó ń bójútó Texas wà, ìpínlẹ̀ mélòó kan ló sì wà láàárín wọn. A ò lè ní kí ìyá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin máa wọkọ̀ òfuurufú nítorí òǹtẹ̀. Kí ẹ gba ìwé tí dókítà, ìmáàmù, àlùfáà tàbí agbẹjọ́rò ibẹ̀ fọwọ́ sí, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń gba èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Ìwó.

Nítorí náà, ohun tí mò ń béèrè rèé. Kí PTAD kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì lè yí àkọsílẹ̀ ibùgbé rẹ̀ padà níbi tó wà, pé NIN àti BVN rẹ̀ pẹ̀lú ìjẹ́rìí baálé agboolé, ìmáàmù, pásítọ̀ tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tó láti fi gbà á, àti pé orúkọ agboolé jẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì. Kí ọ́fíìsì tó gba ìwé náà fún un ní ìwé ẹ̀rí tó ní déètì lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ má yọ orúkọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú ìwé ìsanwó nítorí pé kò jáde síbi àyẹ̀wò, àfi lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ̀wé sí i, tí ẹ ti pe fóònù rẹ̀ àti ti ajogún rẹ̀, tí ẹ sì ti béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Kí gbogbo rẹ̀ má dín ní oṣù mẹ́rin. Ẹni tí ẹ bá yọ láìtọ́, kí ẹ san gbogbo èyí tó kọjá fún un lẹ́ẹ̀kan náà, láìjẹ́ pé ó tún kọ̀wé ẹ̀bẹ̀. Kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe ohun kan náà fún àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, kó sì bá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Èkó sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kó lọ bá ọmọ.

Kí àyẹ̀wò tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi Ìwó dán an wò. Ẹ̀ka Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì wà níbí, ilé ìfìwéránṣẹ́ wà níbí, àwọn ìmáàmù àti pásítọ̀ wà níbí. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìkan ló kù kí ẹ sọ fún wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ìwó kan, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.